Nekras, Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kò Rẹwà

Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, mo ń dúró dè yín. Dàpọ̀ ọmọ ọmọ mi, nígbà tí o bá rín in tán, kí o tún orúkọ yẹn kà jáde láti inú fóònù rẹ, kí n lè mọ̀ pé etí mi kò tàn mí jẹ. Nekras. O ní orúkọ ọkùnrin ni, pé ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ó ti wá, pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò pọ̀, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí kò rẹwà. Káyọ̀dé, ìwọ tí a ń wá orúkọ fún ọmọ rẹ, ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù. O ní, "Who does that to their own child? Ìyẹn wickedness ni." Bọ́lá tí mo fi inú mi bí sì ń ti inú ìdáná bá yín rín ẹ̀rín àríntàkìtì. Mo wo gbogbo yín, ojú tì mí nítorí yín.

Mo mọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nekras. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti òun fi jọ ṣiṣẹ́, a kò sì jìnnà síra ju gígùn aṣọ ibùsùn kan lọ. Nítorí náà, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ jókòó. Kò sí ibi tí ẹ ń lọ. Bí ẹ bá ní ibi tí ẹ ń lọ ni, ẹ kò ní jókòó láti àárọ̀ máa fi àtàǹpàkò ra ojú gíláàsì.

Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yóò wọ aṣọ funfun wọn, wọn yóò gun àtẹ̀gùn fúláàtì yìí wá ní aago mẹ́wàá, wọn yóò sì bi Tọ́pẹ́ pé kí ni orúkọ ọmọ. Tọ́pẹ́, ọmọ Bọ́lá, ọmọ ọmọ mi, wà nínú yàrá lọ́hùn-ún láti ọjọ́ méje, kò tíì pe ọmọ náà ní ohunkóhun. Bí ọmọ bá ké, ó gbé e. Bí ebi bá pa á, ó fún un lọ́mú. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò yà. Kò pè é ní ọkọ mi, kò pè é ní bàbá mi, kò tilẹ̀ pè é ní ìwọ. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ sì mọ ohun tó fà á. Dípò kí ẹ lọ jókòó tì í, ẹ kó ara yín jọ sí pálọ̀, ẹ ń wá orúkọ aláràbarà kiri. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin, làpálàpá lẹ mọ̀ ọ́n pa.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ yín. Mo ti gbọ́ Zion. Mo ti gbọ́ King. Mo ti gbọ́ ọ̀kan tí Dàpọ̀ ní orúkọ ìràwọ̀ kan ni. Dàpọ̀ ní, "Grandma, it has to be unique, you get me? Orúkọ tí nobody else ní." Ta ló sọ fún ọ pé orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ níyì? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti wò ó, wọ́n sì ti sá fún un. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin, fóònù lẹ̀ ń wò. Fóònù kò mọ ilé yín, kò mọ ẹni tó kú níbẹ̀, kò mọ ẹni tó sunkún níbẹ̀.

Ní Ìkirè tí wọ́n ti bí mi, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí ìgbálẹ̀ bá ti ń dún ṣàkà-ṣàkà ní gbogbo agboolé, ìyá bàbá mi á dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, á máa pe àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò, tó jókòó tó ń gbọ́, á mọ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa láìbi ẹnikẹ́ni. Abíọ́nà, ojú ọ̀nà oko ni ìyá rẹ̀ ti rọbí. Ìgè, ẹsẹ̀ ló fi wáyé. Babátúndé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìdòwú, ìbejì ló tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà á kan àwọn orúkọ tí ẹ̀yin kì í fẹ́ gbọ́ mọ́, tí ẹ máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n bá dárúkọ wọn: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Igbókọ̀yí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, wà láàárín wọn. Akísàátán ni ó ń jẹ́.

Ẹ ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá wa ti bí kí ó tó bí i, kò sí ọ̀kan tó rin ilẹ̀. Akísà ni wọ́n fi ń di irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn lọ. Nígbà tí ìkẹrin dé, wọn kò dá a lọ́lá, wọn kò ki í. Wọ́n sọ fún un pé akísà ti tán nílé, bí ó bá ní òun ń lọ, kò sí ohun tí a ó fi dì í. Ìyá wa á jí ní òwúrọ̀, á ní, "Akísàátán, dìde ńlẹ̀, ìwọ tí kò wúlò fún nǹkan kan, wá jẹ ẹ̀kọ." Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ náà, òun ló kọ́kọ́ máa ń bù fún, ẹran tó bá tóbi jù, abẹ́ ẹ̀kọ tirẹ̀ ló ń wà. Akísàátán gbọ́ èébú, ó jẹ ẹran, ó dúró. Ó dàgbà, ó ń ra kòkó káàkiri, òun náà ló rán mi wá sí ìlú òtútù yìí.

Nígbà tí mo dé, èmi àti bàbá Bọ́lá ń gbé ní Aylesbury, ní London níbí. Ẹ mọ àwọn ilé gàgàrà wọ̀nyẹn tí wọ́n ti ń wó láti ìgbà tí orí mi ṣì dúdú, tí wọn kò tíì wó tán di òní. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfọṣọ kan lẹ́yìn Old Kent Road. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ. Wọ́n ti pín in sí méjì báyìí: wọ́n ń fọ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń lé ẹ̀mí èṣù ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹni tó bá dúró sí ibùdókọ̀ níwájú rẹ̀ kò ní mọ èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Kò burú. Ìdọ̀tí náà ni gbogbo wa ń bá jà níbẹ̀.

Aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni a ń fọ. Ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń lọ aṣọ, ó gùn láti ojú fèrèsé yìí dé ẹnu ọ̀nà ìta, ó ń dún gbì, gbì, gbì láti aago méje òwúrọ̀, èéfín omi gbígbóná rẹ̀ á máa nà wá lójú. Bí aṣọ bá ti jáde lára rẹ̀, ẹni méjì ló ń ká a. Ìwọ á di etí méjì mú, ẹnìkejì rẹ á di méjì mú, ẹ ó fà á kí ó le, ẹ ó rìn pàdé ara yín, ojú á ko ojú, ọ̀kan á gba gbogbo etí rẹ̀, ẹnìkejì á bẹ̀rẹ̀ mú ibi tó ká, ẹ ó tún fi ẹ̀yìn rìn padà. Bẹ́ẹ̀ ni títí aago márùn-ún. Lónìí, ẹ ń ju aṣọ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ń gbẹ ẹ́, ẹ ó wá kó o dà sórí àga yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ní ó rẹ̀ yín.

Ọ̀gá wa kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá ti òkèèrè wá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí pé kí ni orúkọ mi, mo sọ ọ́ fún un, ó wò mí bí ẹni tí mo bì sí lára. Ó ní, "We'll call you Rose." Mo ní, "Yes, sir." Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ Rose. Ẹ má káàánú mi, mi ò fẹ́ àánú, ẹ gàn mí ni. Aṣọ ibùsùn gan-an ní àmì tirẹ̀, òwú pupa tí wọ́n rán sí etí rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá ṣìnà lọ sínú ẹrù òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, wọn á wò ó, wọn á dá a padà sílé. Èmi tí mo lórúkọ, tí mo ní oríkì, mo jẹ́ kí ọkùnrin kan tí kò lè fọ àwo ara rẹ̀ já àmì tèmi dànù, mo tún ń dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọkùnrin tí wọ́n fi èmi àti rẹ̀ ṣe méjì nídìí aṣọ ni Nekras. Ọ̀gá pè é ní Nick. Kò dáhùn. Ó pè é títí ọrùn rẹ̀ fi pọ́n, kò dáhùn. Ó wá dúró síwájú rẹ̀, ó ní, "Nick, are you deaf?" Nekras wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń bá a wá Nick. Ó ní, "No Nick here. Nekras is here." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá ló rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ńlá yẹn ṣe bí ó bá dákẹ́. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Mo sì ń jẹ́ Rose lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí fún yín. Ọkùnrin náà rẹwà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, irun rẹ̀ funfun báláú, èjìká rẹ̀ fẹ̀, àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ a máa yí ọrùn wò ó bí ó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yìn ín lójú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ múra ìjà. Ní ọdún kan, ó ku díẹ̀ kí ó di Kérésìmesì, ìyàwó ọ̀gá gbé kéèkì wá fún wa. Ó rí Nekras, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "My goodness, what a handsome man you've got here." Nekras yí orí sí apá òsì, ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tù, tù, tù, sórí aṣọ funfun tí a ti lọ̀, tí a ti ká, tí a ti tò gègèrè sínú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù. Kéèkì bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá. Gbogbo aṣọ inú kẹ̀kẹ́ náà la tún fọ̀. Àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní wèrè ni, wọ́n fi ìka yí ẹ̀gbẹ́ orí wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹ̀yin náà ṣe rín láìpẹ́ yìí.

Èmi nìkan ni mi ò rín. Mo ti rí irú itọ́ yẹn rí. Àlejò kan wá sílé wa ní Ìkirè, ó rí Akísàátán, ó ní, "Ọmọkùnrin yìí mà dára o." Ìyá mi tutọ́ sílẹ̀ kí àlejò tó pa ẹnu dé, ó ní, "Èwo ló dára nínú ẹ̀? Ẹ ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀?" Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, bí èmi àti Nekras ti rìn pàdé ara wa pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Kò rẹwà." A fi ẹ̀yìn rìn padà. Nígbà tí a tún pàdé, mo bi í pé mélòó ló kú ṣáájú rẹ̀. Ó dúró. Ó ní, "Mẹ́ta." Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé London, ẹ̀rín ni gbogbo ẹni tó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ń rín, kò sí ẹni tó bi òun ní ìbéèrè yẹn rí.

Bí ó ṣe sọ ìyókù fún mi nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kò jẹ́ kí a gbọ́ra àfi bí ojú bá ko ojú. Gbólóhùn kan nídìí aṣọ kan. Ó ní láyé àtijọ́, kí àwọn àlùfáà tó gbé ìwé orúkọ wọn dé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ohun tí ojú àwọn òbí rí ni wọ́n ń fi sọ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n retí títí, wọn á pè é ní Zhdan, ẹni tí a dúró dè. Ọmọ tó ṣe ìkẹta, Tretyak. Ilé tí ikú bá ń yọ lẹ́nu, wọn á sọ tiwọn ní Nenash, kì í ṣe tiwa, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ ní Nekras. Wọ́n gbà pé ohun tó dára ni ibi ń wá kiri, pé bí ó bá gbọ́ tí ìyá ń bú ọmọ, á kọjá lọ sí ilé mìíràn. Nígbà tí àwọn àlùfáà dé, wọ́n ní orúkọ kèfèrí ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ti inú ìwé rọ́pò, wọ́n ń fi í rọ́pò títí ó fi di ohun tí Dàpọ̀ ń ṣàwárí lórí fóònù. Ẹ wò ó, mo ti rò pé àwa nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Abúlé tí wọ́n ti bí Nekras, létí odò kan, nínú òtútù, àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kò tíì gbàgbé àṣà náà. Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, orúkọ inú ìwé ni wọ́n fún wọn, aládùúgbò wá yìn wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú. Nígbà tí ó dé, ìyá àgbà rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà. Ojú fèrèsé ni ó ti nà án síta fún alágbe kan tó ń kọjá lọ. Alágbe gbé ọmọ yí ilé po, ó wá kan ilẹ̀kùn, ó ní òun rí ọmọ kan he. Ìyá àgbà jáde, ó wo ọmọ ọmọ ara rẹ̀ bí ẹni wo ẹran tó ti bàjẹ́. Ó ní, "Irú kí ni èyí? Kò rẹwà. Ó dáa, gbé e wá, àánú ló ṣe wá." Ó fún alágbe ní búrẹ́dì, ó gba ọmọ wọlé. Àlùfáà kọ Nikolai sínú ìwé. Nikolai wà nínú ìwé, Nekras wà láyé.

Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ fìgbà kan sọ fún un pé ó rẹwà. Ó ní láéláé. Ó ní, "Ó fẹ́ràn mi jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo wá sọ ti Akísàátán fún un. Ọwọ́ rẹ̀ tú, aṣọ bọ́ sílẹ̀, a ní láti tún un fọ̀, ọ̀gá tún pariwo. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó máa ń bi mí pé, "How is Akísàátán?" Ó pè é já gaara, ó dáa ju bí Dàpọ̀ ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀ lọ. Bí lẹ́tà bá ti Ìkirè dé, mo máa ń kà á fún un. Bí mo bá kọ̀wé padà, mo máa ń fi kún un pé ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ tó ń kí yín, orúkọ ẹ̀yin àti òun jọra. Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n kí ọkùnrin burúkú náà fún òun.

Nekras kú kí wọ́n tó ti ilé ìfọṣọ náà pa. Àwa mẹ́rin la lọ sin ín. Ọ̀gá wá, ó dìde láti sọ̀rọ̀, ó ní, "Nick was a good worker." Mo jókòó síbẹ̀, mi ò tún orúkọ náà ṣe. Mo ní Òyìnbó ni wọ́n, báyìí ni wọ́n ń ṣe. Ìgbéraga ni ìyẹn, nítorí nígbà tí Akísàátán náà kú, tí mo wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, mo rí ìwé ètò ìsìnkú tó ń dán yinrin, mo ka orúkọ inú rẹ̀, mi ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ sin. Ọláolúwa. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ kí wòlíì kan tó wá sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ló ń dí i lọ́nà, kí ó pa á dà. Ọ̀nà wo ló tún kù fún ẹni ọgọ́rin ọdún? Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó di máíìkì mú pé ṣé kò ní í dárúkọ tí ìyá wa sọ ọ́ ni. Ó ní, "Màmá, a ti fagi lé ìyẹn, orúkọ àbíkú ni." Orúkọ tó so ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ilé ayé, ọmọ tí wọ́n bí lánàá fagi lé e, ó sì ní kí n ṣe àmín. Ẹ tún wá jókòó síbí lónìí, ẹ ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Káyọ̀dé, o kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Tọ́pẹ́ lóyún àkọ́kọ́, ẹ gba gbọ̀ngàn, ẹ bẹ́ bàlúùnù láti fi hàn pé ọkùnrin ni, ìyẹ̀fun aláwọ̀ búlúù dà sórí gbogbo ènìyàn. Orúkọ ọmọ ti wà lára kéèkì. Ó wà lára bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó wà lára ògiri yàrá, ẹ fi ọ̀dà wúrà kọ ọ́. Ọmọ tí kò tíì rí oòrùn, ẹ ti ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù dé Kánádà. Mo wà níbẹ̀. Mo wọ léèsì, mo jó. Ohùn ìyá mi ń sọ̀rọ̀ nínú etí mi, mo ní kí ó dákẹ́, pé ayé ti lajú. Ẹ bí ọmọ náà láìsí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo ra ọ̀dà funfun tí o fi pa ògiri rẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ tún kọ orúkọ. O tún ra ọ̀dà.

Mi ò sọ pé orúkọ ló pa wọ́n. Dókítà ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ní nítorí orúkọ ni, kí ó má bá mi jẹun mọ́. Ṣé ẹ rò pé ìyá àgbà Nekras kò mọ̀ pé ọmọ ọmọ ara òun ni alágbe gbé wá? Ó mọ̀. Ìyá mi mọ̀ pé akísà kún inú àpótí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sin mẹ́ta, bí ẹ bá ní kí ó pe ìkẹrin ní ọba, ní ìràwọ̀, ní ògo, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Ẹnu tí ẹ̀rù wà nínú rẹ̀ kò lè gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbọ́n jù yín lọ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fún un ní èébú kan tí yóò lè máa fi pe ọmọ rẹ̀ títí ẹ̀rù yóò fi lọ. Ẹ̀yin fún Tọ́pẹ́ ní Zion àti King, ẹ wá ń yà yín lẹ́nu pé kò lè sọ̀rọ̀.

Kí lo wí, Káyọ̀dé? Sọ ọ́ sókè. "Grandma, ẹ má bínú. So ṣé ká kúkú sọ ọ́ ní Nekras ni?" Ẹ gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, ibi tó já sí lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kí ló pa ọ́ pọ̀ mọ́ Rọ́ṣíà? Nekras ní ìyá tó bí i, ìyá náà ló ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ kì í ṣe aṣọ òkìrìkà tí ènìyàn ń ṣà wọ̀ nítorí pé ó bá a mu. Iyán ni wọ́n ní kí o gún, odó lo ń gbé mì. Dìde kúrò níbẹ̀, kí o lọ bá ìyàwó rẹ nínú yàrá.

Dúró ná. Ẹ pa ẹnu mọ́.

Tọ́pẹ́. Ìgbà wo lo ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yẹn? Máa bọ̀, má wo ojú wọn, wọn kò jámọ́ nǹkan kan. Kí lo sọ? Mi ò gbọ́, bọ́ọ̀sì ló ń kọjá. Tún un sọ.

"Grandma, ẹ wò ó. Ó burẹ́wà."

Gbé e wá síbí kí n fi ojú ara mi rí i. Hẹn-ẹn. Imú bàbá rẹ̀ rèé, ó pẹlẹbẹ. Orí rèé bí àgbọn. Wo ẹnu. Ó burẹ́wà lóòótọ́, Tọ́pẹ́, mi ò ní í purọ́ fún ọ, ó pẹ́ tí mo ti rí irú èyí. Ta ni yóò fẹ́ ẹ? Kò sí. Kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wa, àwa náà la ó máa rù ú kiri. Bọ́lá, fi omijé yẹn sí ìdáná. Káyọ̀dé, gbé àga fún ìyàwó rẹ. Ọ̀la, bí àwọn aláṣọ funfun bá dé, kí wọ́n mú orúkọ olówó iyebíye wọn wá, a ó ṣe àmín, a ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó ń wo ẹnu rẹ, Tọ́pẹ́. Tún bú u.